Nígbà tí Fúńgọ́ọ̀sì Bá Wọ Ọ̀pá Ẹ̀yìn: Bí Dókítà Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yìn ríro kì í ṣe àlejò láàrin wa. Awakọ̀ ń kérora rẹ̀, ìyá tó ń jókòó sí ìsọ̀ látàárọ̀ ń kérora rẹ̀, àwa alfa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ síwájú lórí ẹní ní ilé kéwú náà kò gbẹ́yìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣan ló fà á tàbí kí egungun ti gbó, ìsinmi àti oògùn díẹ̀ a sì káwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora ẹ̀yìn kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tí kò ti ara iṣan wá, tí kò ti ara ọjọ́ orí wá, tí oògùn ibà àti oògùn kòkòrò tí a mọ̀ kò sì lè ṣe ní nǹkan kan. Fúńgọ́ọ̀sì ló ń fà á. Òun ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá tètè mọ ohun tó ń ṣe é lè dìde, ẹni tí wọ́n bá sì fi oògùn àrùn mìíràn tọ́jú fún oṣù mélòó kan lè má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́.

Fúńgọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí a kò rí rí. Òun ló ń mú kí búrẹ́dì bu lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Òun ló ń hù sára ògiri tí omi ń jò sí, òun náà ló ń fa làpálàpá sórí ọmọ ilé kéwú. Olú tí a ń fi se ọbẹ̀ pàápàá, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni a ń fa èso rẹ̀ tó kéré ju eruku lọ símú, tí ara sì ń pa á láìjẹ́ pé a mọ̀. Ibi tí kì í sábà dé ni inú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Tí a bá sọ pé inú ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣe egungun tí a ń fọwọ́ bà nìkan ni a ń sọ. Ihò kan gba àárín àwọn egungun yẹn kọjá, inú ihò náà sì ni okùn kan wà tó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ọwọ́, ẹsẹ̀, ilé ìtọ̀ àti ìdí. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni à ń pè é. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, omi tó mọ́ gaara yí i ká, omi kan náà tó yí ọpọlọ ká ni. Ohunkóhun tó bá kó sínú ihò tóóró yẹn, ì báà ṣe ọyún, ì báà ṣe ẹran tó wú, ara okùn náà ló máa fún mọ́. Ìdí nìyẹn tí àrùn ibẹ̀ fi lè sọ ènìyàn di arọ láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Fúńgọ́ọ̀sì lè gba ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì gbé e débẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ jẹ egungun ẹ̀yìn kó tó ráyè wọlé. Ọ̀nà mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é: kí abẹ́rẹ́ gbé e lọ síbẹ̀ tààrà. Orí èyí ni a ó ti pẹ́ díẹ̀, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012 ló kọ́ àwọn dókítà ní púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ lónìí nípa àrùn yìí.

Ìbéèrè kan ní Tennessee

Ọkùnrin kan tó ti lé ní ẹni 50 ọdún lọ sí ilé ìwòsàn ní Nashville, olú ìlú ìpínlẹ̀ Tennessee. Orí ń fọ́ ọ, ọrùn ń dùn ún. Kò ní àìsàn kankan tó lè mú kí agbára ara rẹ̀ dínkù. Wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé ó jọ àrùn yínrùnyínrùn, ìyẹn èyí tó máa ń mú ọrùn gan. Wọ́n fún un ní oògùn kòkòrò, ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ díẹ̀, ó padà sílé. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n tún gbé e padà wá. Ẹ̀yìn ń ro ó, ojú rẹ̀ ti yí padà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́. Nígbà tí wọ́n tún wá inú omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa, fúńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Aspergillus ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ó ya àwọn dókítà lẹ́nu. Aspergillus kì í wọ inú omi ẹ̀yìn ẹni tí ara rẹ̀ le. Dókítà April Pettit, ti ilé ìwòsàn Yunifásítì Vanderbilt, wá béèrè ohun tí ó yẹ kí gbogbo dókítà béèrè: kí ni wọ́n ti ṣe fún ọkùnrin yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn? Ìdáhùn tó rí gbà ni pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sí ẹ̀yìn nítorí ìrora tó ti ń bá a fínra tipẹ́. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, 2012, dókítà náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà. Marion Kainer, dókítà tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ irú àrùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò fi ìwé náà sí abẹ́ ìwé mìíràn. Ó ní kí wọ́n wo àwọn tó gba abẹ́rẹ́ níbi tí ọkùnrin yẹn ti gbà á. Wọ́n wò ó, wọ́n tún rí ẹlòmíràn tí irú àìsàn náà ń ṣe.

Ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀, ìyẹn oògùn methylprednisolone, tí ilé iṣẹ́ apoògùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ New England Compounding Center ń pò ní ìlú Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà, wọ́n kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló wà láàrin ìwé dókítà Pettit àti ọjọ́ náà. Síbẹ̀, ìgò 17,675 ti jáde lọ sí ìpínlẹ̀ 23, àwọn ènìyàn tó tó nǹkan bí 14,000 sì ti gbà á sára. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti fi fóònù tàbí ẹsẹ̀ wá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn kàn. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ti ara rẹ̀ hàn kò yè é. Àìmọye ènìyàn ló tipasẹ̀ ìbéèrè tí wọ́n bi nípa rẹ̀ rí ìtọ́jú.

Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò, fúńgọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n bá nínú wọn, ó sì jẹ́ òun ló fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àìsàn náà. Exserohilum rostratum ni orúkọ rẹ̀. Ara koríko àti inú ilẹ̀ ló ń gbé, dúdú ni, ó sì ṣọ̀wọ́n kó tó ọdún náà kí ó tó ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Nínú ìgò mìíràn, ojú lásán rí ìdọ̀tí dúdú tó ń léfòó nínú rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó yé wa ìdí tí ewu rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń mú kí ọmọ ogun ara rọ ọwọ́ sílẹ̀, bó ṣe ń pẹ̀tù sí ìrora nìyẹn. Oògùn yìí kò sì ní èròjà tí wọ́n ń fi sínú oògùn kó má baà bàjẹ́. Fúńgọ́ọ̀sì náà wọlé, ó sì bá ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ti kùn lóorun.

Ní òpin rẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó àrùn ní Amẹ́ríkà, CDC, ka ènìyàn 753 ní ìpínlẹ̀ 20 tí àrùn náà mú, 64 kú nínú wọn. Wọ́n gbé ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Barry Cadden, lọ sílé ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kò dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi jìbìtì àti àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ọdún 9 ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó lọ fi ẹ̀wọ̀n jura ní 2017. Ní 2021 adájọ́ sọ ọ́ di ọdún 14 àti oṣù 6.

Ìrora àtijọ́ tó bo ìrora tuntun mọ́lẹ̀

Nígbà tí ẹ̀rù yínrùnyínrùn ti ń rọlẹ̀ ni ìpele kejì dé, òun gan-an ló sì kan àkọlé wa. Àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ náà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í ní oówo inú ní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ti àwọn mìíràn, awọ tó wé iṣan ìmọ̀lára ló wú, àwọn iṣan náà sì lẹ̀ mọ́ra wọn bí òwú tí wọ́n da àtè sí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo àwọn ènìyàn yìí ni ẹ̀yìn ti ń ro tẹ́lẹ̀. Nítorí ẹ̀yìn ríro ni wọ́n ṣe gba abẹ́rẹ́. Báwo ni ènìyàn á ṣe mọ̀ pé ìrora òní kì í ṣe ti àná? Àwọn dókítà kan ní Michigan kò dúró de ìgbà tí aláìsàn máa wá ṣàròyé. Wọ́n pe ènìyàn 172 tó ti gba oògùn burúkú náà, tí wọn kò tíì wá sọ pé ìrora tuntun ń ṣe àwọn, wọ́n gbé wọn sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara. Àwòrán ẹni 36 nínú wọn kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ká ní wọ́n dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ni, ọ̀rọ̀ ìbá yí padà.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ní ìparí 2022, ní ìlú Durango, àwọn obìnrin tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn lọ bímọ, ni fúńgọ́ọ̀sì Fusarium solani kọ lù. Àwọn tó kú lé ní 30. Ní 2023, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Matamoros, nítòsí ààlà Amẹ́ríkà, sí àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà. Fusarium le ju Exserohilum lọ, torí pé oògùn tó ràn án kò pọ̀.

A kò kọ èyí kí aboyún kankan lè sá fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn nígbà tí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Abẹ́rẹ́ náà ń gba ìyá àti ọmọ là lójoojúmọ́, ẹni tí irú jàǹbá yìí sì ṣẹlẹ̀ sí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gbà á tí wọ́n sì dìde láìséwu. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí orí bá ń fọ́ láìdáwọ́ dúró, tí ọrùn rẹ̀ gan, tí ibà ń ṣe, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta lójú, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láàrin ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, kó padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sì mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má retí pé ibà náà á ga. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, kì í ga.

Nílé wa ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹ̀yìn ènìyàn bá ń ro fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa rò ni ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun ẹ̀yìn. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Òun ló máa ń wó egungun tí iké fi ń yọ sẹ́yìn ẹni tí wọn kò bí pẹ̀lú iké. Ọ̀rọ̀ fúńgọ́ọ̀sì máa ń jẹyọ nígbà tí aláìsàn bá ti lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí kò sí àyípadà, tí kò sì sí ẹni tó tíì rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà nínú àyẹ̀wò kankan. Irú ìgbà yẹn ni ó yẹ kí ẹbí rọra béèrè pé: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti gé díẹ̀ lára ibẹ̀ wò?”

Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí a lè pè ní ti ilẹ̀ Áfíríkà. Histoplasma duboisii ni, ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí i jù, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó máa ń yọ sí awọ ara, ó máa ń wọ egungun, ó sì lè jẹ egungun ẹ̀yìn títí tó fi máa tẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ àdán pọ̀ sí ló ti ń gbé. Àwọn onímọ̀ ti bá a nínú ihò àpáta Ogbunike ní ìpínlẹ̀ Anambra. Ojú ìwòran, ó jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ, àfi tí wọ́n bá gé ẹran ibẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ.

Èkejì ni Cryptococcus, tí wọ́n máa ń bá nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé. Àwọn tí kòkòrò HIV ti ba agbára ara wọn jẹ́ ló ń mú jù. Ọpọlọ àti awọ tó wé e ló sábà ń bá jà, kì í sábà dúró sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n omi ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kí ìtìjú má ṣe mú kí ẹnikẹ́ni fi HIV pamọ́ fún dókítà tó ń wá ìdí orí fífọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò gbọ́ oògùn, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún náà wà lára àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra.

Ẹlòmíràn ń bẹ tí kò mọ̀ pé òun wà lára wọn. Ẹni tó ń ra prednisolone tàbí dexamethasone ní kẹ́mísì lójoojúmọ́ nítorí oríkèé ríro, tàbí nítorí kó lè sanra, sítẹ́rọ́ìdì ló ń lò. Àwọn oògùn ìrora kan tí wọ́n ń tà lórí bọ́ọ̀sì náà lè ní in nínú láìkọ ọ́ sára páálí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání lọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ dédé já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyẹn lè pa á. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Omi ẹ̀yìn

Àwòrán MRI lè fi oówo inú hàn, ó lè fi egungun tó ti jẹ hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ́síréè kò tiẹ̀ ní rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó lè mọ orúkọ, ó di dandan kí wọ́n mú nǹkan jáde lára aláìsàn: omi ẹ̀yìn, tàbí ọyún, tàbí ẹran díẹ̀ láti ojú ibẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń fà sẹ́yìn. A máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn wáàsí: “Alfa, wọ́n ní àwọn fẹ́ fa omi ẹ̀yìn bàbá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní rọ wọ́n lẹ́sẹ̀?”

Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí Ọlọ́hun ṣe to ara. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà kò gùn dé ìdí. Díẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tí egungun ìhà parí sí lẹ́yìn ni òun náà ti parí. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, iṣan ìmọ̀lára tó fọ́n ká bí ìrù ẹṣin ló kù, tí wọ́n ń léfòó nínú omi. Ìsàlẹ̀ yìí ni abẹ́rẹ́ dókítà ń gbà wọlé, níbi tí okùn náà kò sí mọ́, àwọn iṣan yẹn a sì máa yẹ̀ fún abẹ́rẹ́ bí koríko odò ṣe ń yẹ̀ fún igi. Omi náà tó nǹkan bíi mílílítà 150 lára àgbàlagbà, ara sì ń ṣe tó 500 lóòjọ́. Mílílítà 10 sí 20 tí wọ́n máa gbà, kò ju ṣíbí ìjẹun kan sí méjì lọ, kò sì ní pẹ́ rárá tí ara fi máa dá a padà. Orí lè fọ́ ènìyàn fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tí dókítà bá fura pé nǹkan wú nínú ọpọlọ, ó máa kọ́kọ́ ya àwòrán orí. Tí oówo bá wà ní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, kò ní gba ibẹ̀. Nípa ti arọ tí a ń bẹ̀rù, lọ́pọ̀ ìgbà àrùn tó ti ń fún okùn náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ló ń rọ ènìyàn, abẹ́rẹ́ ló kàn ń ru ẹ̀bi rẹ̀.

Ti Cryptococcus tiẹ̀ yàtọ̀: omi fífà yẹn gan-an jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Omi máa ń pọ̀ jù yí ọpọlọ ká, tí ojú á máa fọ́ lọ, wọ́n sì lè fà á lójoojúmọ́ títí tí agbára rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ẹbí tó bá ní àwọn kò gbà, oògùn ni wọ́n kọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ní láti mọ̀ pé fúńgọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá. Kòkòrò bakitéríà lè hù láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Fúńgọ́ọ̀sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tí wọn kò bá sọ fún lè ti da àwo náà nù. Bí omi bá kéré jù, wọ́n lè má rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà yẹn, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló wà tí nǹkan kan kò hù láti inú omi wọn, àyẹ̀wò PCR tó ń wá àmì ìdánimọ̀ fúńgọ́ọ̀sì náà ló tú u fó fún àwọn kan. Fún ìdí èyí, bí èsì àkọ́kọ́ bá ní kò sí nǹkan, kò túmọ̀ sí pé àrùn kò sí. Dókítà lè tún un ṣe, ẹ má ṣe bínú sí i.

Oògùn tó gba oṣù púpọ̀

Oògùn fúńgọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹyọ kan. Fluconazole tí gbogbo kẹ́mísì ń tà wúlò fún Cryptococcus, ṣùgbọ́n kò lè pa Aspergillus, kò sì lè pa Fusarium. Ẹni tó bá rà á fúnra rẹ̀ torí pé ó gbọ́ pé fúńgọ́ọ̀sì ni, àkókò ló ń fi ṣòfò. Àwọn tí wọ́n lò ní 2012 ni voriconazole, tí wọ́n ń gbé mì tàbí kí wọ́n fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti amphotericin B tó jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń gbà. Ti histoplasma, amphotericin B ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ bí ó bá le, itraconazole á sì tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọyún bá ti kó jọ tó ń tẹ okùn ẹ̀yìn, oògùn nìkan kò ní tó, àfi kí dókítà iṣẹ́ abẹ ṣí ibẹ̀ kó sì kó o jáde. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń wúwo, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tó ń dá jáde, ọ̀rọ̀ wákàtí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni ó kéré jù tí wọ́n lò fún àwọn tí àrùn náà mú awọ ọpọlọ wọn. Àwọn tó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí egungun lo oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní fi pamọ́ pé owó rẹ̀ pọ̀, pé kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ẹbí jẹ́ ni pé ara aláìsàn á ti balẹ̀ lóṣù kejì, wọ́n á sì ní kí àwọn fi owó tó kù san owó ilé ìwé ọmọ. Àrùn náà ti padà sára ẹni tó ti gba oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dá a dúró. Bí owó bá fẹ́ tán, ẹ sọ fún dókítà kó tó tán, kó lè wá ọ̀nà mìíràn, ẹ sì sọ fún jamáà yín. Owó sàká ní àyè fún aláìní tí àìsàn dá gúnlẹ̀.

Amphotericin B lè ba kíndìnrín jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́. Voriconazole lè da ẹ̀dọ̀ láàmú, ó sì máa ń mú kí oòrùn tètè jó awọ ara. Rifampicin, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń pa agbára voriconazole rẹ́ pátápátá. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ti ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kí wọ́n tó mọ̀ pé fúńgọ́ọ̀sì ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ilé ìwòsàn tí wọn kò sì sọ fún dókítà tuntun, yóò dà bí ẹni tó ń pọn omi sínú agbọ̀n. Àgbo náà, kí ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ohun kan wà tó kan àwa alfa gan-an. Voriconazole lè mú kí ènìyàn máa rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, kí àwọ̀ nǹkan yí padà lójú rẹ̀, kódà kó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nínú ilé tiwa, bí bàbá bá dédé ní òun ń rí ènìyàn ní igun yàrá, wọ́n á ní àlùjànnú ni, wọ́n á sì pe alfa wá ṣe rùkíyà. Ẹ ka Kùránì sí i létí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, torí ó lè jẹ́ pé oògùn náà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lè wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì dín in kù. Ẹ̀yin alfa ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe sọ fún wọn pé kí wọ́n da oògùn náà nù.

Nípa ìrun, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè tẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ipá ṣe rùkúù tàbí ìforíkanlẹ̀. Kó jókòó kírun, bí kò bá lè jókòó kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó máa fi orí ṣe àmì. Nípa ààwẹ̀, wákàtí 12 sí 12 ni wọ́n ń lo voriconazole, ó sì yẹ kó jìnnà sí oúnjẹ pẹ̀lú wákàtí kan, ẹni tó ń gba amphotericin B sì nílò omi púpọ̀ lára. Aláìsàn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú òfin ẹ̀sìn, kó jẹun, kó san án padà lẹ́yìn tí ó bá gbádùn. Bí àìsàn náà bá di èyí tí a kò retí pé yóò lọ, bíbọ́ aláìní ló kàn án.

Lẹ́yìn tí oògùn bá parí, dókítà á ṣì máa pe aláìsàn padà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè tún ya àwòrán ẹ̀yìn. Láàrin ìgbà náà, bí orí bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, bí ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri, kó má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kó mú káàdì rẹ̀, orúkọ gbogbo oògùn tó ti lò àti ọjọ́ tí ó parí wọn, kó padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.